Orí Tó Bá Bọ́ Sórí Àga

Bàbá Onígbàjámọ̀ wọ aṣọ tó dáa jù lọ nínú àpótí rẹ̀. Ó fá irùngbọ̀n, ó fi ìpara pa ọwọ́ méjèèjì, ó wá jókòó sí pálọ̀ níwájú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Tíntín, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti ti fèrèsé. Ó ti pa fáànù, ó sì ti lọ bẹ àwọn ará yàrá kejì kí wọ́n bá òun rẹ rédíò wọn sílẹ̀. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́ bíi gbọ̀ngàn ìdánwò.

"Bàbá, ẹ máa sọ̀rọ̀. Ó ti ń gbọ́."

Bàbá wo ẹ̀rọ náà. Iná pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú lára rẹ̀ bí ojú ẹni tó fẹ́ fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ káàárọ̀," ni Bàbá wí fún un.

Tíntín ń retí ìyókù. Ìyókù kò wá. Bàbá wúkọ́, ó nu ẹnu, ó tún ní, "Ẹ káàárọ̀ o," bí ẹni tí wọn kò dá lóhùn lẹ́ẹ̀kíní.

"Bàbá, kì í dáni lóhùn. Gbígbọ́ nìkan ló ń gbọ́."

"Ìyẹn náà ni wọ́n wá ń pè ní ọ̀làjú? Kéèyàn kí nǹkan, kó máa wò ó níran?"

Bó ṣe parí nìyẹn o. Ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ní ṣọ́ọ̀bù láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ ló jókòó bí àlejò tó kọ́kọ́ dé ilé àna. Wẹ́dà tó ń jó irin, tí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ kọjú sí ti Bàbá, a máa sọ pé bí kílípà Bàbá bá bà jẹ́, kí Bàbá ṣáà máa sọ̀rọ̀ sí irun náà, irun á gé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n níwájú ẹ̀rọ tíńtín yìí, "ẹ káàárọ̀" méjì péré ni wọ́n rí gbà.

Ilé ìkàwé àdúgbò ló ni ẹ̀rọ náà. Ibẹ̀ ni Tíntín ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń to ìwé sórí pẹpẹ, àmọ́ bí ọwọ́ rẹ̀ bá kan ìwé ìtàn àròsọ, ó lè dúró sí ojú kan kó kà á dé ìdajì, kó wá fi ìwé ìfẹ́ sáàárín ìwé ẹ̀kọ́ nípa àgbẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní Màdáámù, ló dá ètò Ìtàn Àdúgbò sílẹ̀. Ó ní kí àwọn àgbà sọ ohun tí wọ́n rántí nípa òpópónà yìí àti àwọn tó ń gbé inú rẹ̀, òun yóò ya yàrá kékeré kan sọ́tọ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wá jókòó gbọ́ wọn. Òfin Màdáámù kò ju méjì lọ: yàrá tó dákẹ́, àti ohùn ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan.

Ká ní nítorí iṣẹ́ nìkan ni, Tíntín ì bá ti gbà fún Bàbá kó lọ bọ́ aṣọ àlejò yẹn kúrò lára. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ti hù sí Bàbá lọ́nà ọ̀fun. Dókítà ní òun yóò gé e kúrò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. "Ẹ ó jẹun, ẹ ó mí, ẹ ó sì pẹ́ láyé," ni dókítà wí. "Ohùn yín nìkan ni mi ò lè ṣèlérí." Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní òun tí òun ti ń fi abẹ ká àdúgbò kiri láti ọjọ́ yìí, ó wá di orí òun. Tíntín kò lè rín in.

Ohun tó ká a lára ni ìtàn kan ṣoṣo. Ìyá rẹ̀ ni ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá bí. Tíntín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to ọ̀rọ̀ pọ̀ ni nígbà tí ìyá náà fi ayé sílẹ̀. Bàbá tó bí Tíntín ní tirẹ̀ ti bá iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi lọ kí wọ́n tó bí i, kò sì bojú wẹ̀yìn. Bàbá àgbà ló tọ́ ọ dàgbà. Fọ́tò ìyá rẹ̀ kan wà lára ògiri, àmọ́ fọ́tò kò lẹ́nu. Gbogbo ìgbà tí Tíntín bá bi Bàbá pé irú èèyàn wo ni màmá òun, èsì kan náà ni: "Èèyàn dáadáa ni." Bàbá á wá dìde, á ní òun ń lọ wo bóyá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní títì. Tíntín ti rò pé ìbànújẹ́ ni. Kò fẹ́ fi ọwọ́ kan ojú egbò, ó wá fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ títí ó fi dàgbà. Wàyí o, bí ohùn yẹn bá lọ, ta ló fẹ́ sọ ọ́ fún un?

Bàbá bọ́ aṣọ rẹ̀, ó fò fẹ̀rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù bí ẹyẹ tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn àgò fún.

Nígbà tó di ọ̀sán, Tíntín gbé oògùn rẹ̀ lọ bá a níbẹ̀. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà ló ti ń gbọ́ ẹ̀rín. Wẹ́dà ló wà lórí àga, aṣọ funfun yí i lọ́rùn, kílípà ń rìn ní ìpàkọ́ rẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì, ẹgbẹ́ Bàbá, tó ní ilé búrẹ́dì ní ìkòríta, jókòó sórí bẹ́ǹṣì bó ti ń ṣe lójoojúmọ́ bí ààrò àkọ́kọ́ bá ti jáde.

"Orí bàbá rẹ rèé gẹ́lẹ́," ni Bàbá ń sọ. "Ó gùn lẹ́yìn bí ìbẹ́pẹ. Ọjọ́ tí bàbá rẹ kọ́kọ́ wọ òpópónà yìí, géètì ló rù wá. Géètì irin! Kò ní ilé, kò ní ògiri, kò tilẹ̀ ní ẹní. Ó ri géètì mọ́ ilẹ̀ pápá, ó sùn sẹ́yìn rẹ̀."

"Irọ́ lẹ̀ ń pa, Bàbá."

"Kí irọ́ gbé mi bí mo bá pa á. Ìta gbalasa ni o. Bí o bá fẹ́ kí i, àfi kí o kan géètì."

"Ẹ̀yin náà kàn án?"

"Mo kàn án! Ó ní, 'Ta nìyẹn?' Ojú ẹ̀ sì nìyí, tó ń wò mí kòrókòró!"

Ìyá Oníbúrẹ́dì na ọwọ́ sókè. "Èmi gba ẹ̀gbẹ́ wọlé ní tèmi. Ó bínú sí mi fún oṣù kan gbáko. Ó ní mo fo ògiri òun."

Wẹ́dà rẹ́rìn-ín débi pé Bàbá ní láti fi ọwọ́ di etí rẹ̀ mú kí kílípà má baà gbé díẹ̀ lọ nínú rẹ̀. Tíntín dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó tẹ ẹ̀rọ náà. Nígbà tí kílípà fi dákẹ́, gbogbo ìtàn ilé Wẹ́dà ló ti wọ inú rẹ̀, àti ti aya tí bàbá rẹ̀ fi géètì náà fẹ́.

Ó yé Tíntín, tàbí kó rò pé ó yé òun. Bàbá kò lè sọ̀rọ̀ bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣófo. Ó sáré lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ onídìrí, ó yá orí oníke tí wọ́n fi ń kọ́ irun dídì, èyí tó ní ìpéǹpéjú gígùn àti ètè pupa. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó gbé e kalẹ̀ sí pálọ̀ níwájú Bàbá, ó fi òòyà lé Bàbá lọ́wọ́, ó tẹ ẹ̀rọ.

Bàbá ya irun náà síwájú, ó yà á sẹ́yìn. Ó ń fi imú kọrin díẹ̀díẹ̀. Tíntín ti ń retí ìtàn.

"Ọmọ ta ni?" ni Bàbá bèèrè.

"Kì í ṣọmọ ẹnikẹ́ni, Bàbá. Ike ni."

"Mo rí i pé ike ni, mi ò fọ́jú. Mo ní ìtàn ta ni kí n wá sọ fún un?" Ó gbé òòyà kalẹ̀. "Kò ní bàbá, kò ní ìyá. Ìtàn ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni kí n pa?"

"Ẹ ṣáà pa ti ẹlòmíì. Ẹ pa ti Ìyá Oníbúrẹ́dì."

"Ṣé orí Ìyá Oníbúrẹ́dì nìyí?" Bàbá wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó ní kí wọ́n fi bàtà bu omi. "Tíntín, gbọ́. Bí mo bá di orí èèyàn mú, ọwọ́ mi á kan ibi tí irun bàbá ẹ̀ ti kọ́kọ́ pá. Á kan àpá tó gbà lọ́jọ́ tó já bọ́ lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀rọ̀ á kàn máa bọ̀ ni. Ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n, ẹnu kàn ń tẹ̀ lé e. Orí tó bá bọ́ sórí àga, ìtàn ẹ̀ ló ń gbọ́. Bí mo ṣe bá a lọ́wọ́ ọ̀gá mi nìyẹn."

Tíntín sún mọ́ ọn. Ó rọra bèèrè pé, "Ti màmá mi wá ńkọ́?"

Ọwọ́ Bàbá gbéra lókè orí oníke náà, ó dúró lófuurufú, ó sọ̀ kalẹ̀ sórí itan rẹ̀.

"Ìyẹn wà ní orí tìẹ," ló wí. "Mi ò débẹ̀ rí."

Òótọ́ ni. Orí ọkùnrin ni Bàbá ń gé. Láti kékeré, ilé onídìrí ni wọ́n ń mú Tíntín lọ. Gbogbo orí tó wà ní òpópónà ti gba abẹ́ ọwọ́ yẹn kọjá, àfi èyí tó ń jẹun nílé rẹ̀ lójoojúmọ́.

Tíntín fi ọwọ́ kan irun rẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti ń ṣìkẹ́ irun yìí. Ó ń fi òróró pa á, ó ń fi aṣọ sẹ́dà wé e sùn, ó sì ti kan èjìká dáadáa bí wọ́n bá tú u. Nínú àwọn ìwé tó ń yá kà, obìnrin tí ọ̀rọ̀ bá kàn kì í ṣe aláìnírun. Atẹ́gùn a máa bá irun rẹ̀ ṣeré létí omi, ọkùnrin kan a sì máa wò ó látòkèèrè. Atẹ́gùn òpópónà yìí kò tíì dá ti Tíntín mọ̀, erùpẹ̀ nìkan ló ń dà sí i, ṣùgbọ́n ìrètí kì í pani. Ó yọ ọwọ́ kúrò lórí. Ó ní, "Kò burú, Bàbá. Orí àwọn tó kù pọ̀."

Wẹ́dà ló bá a kéde pé kí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn ilé rẹ̀ wá jókòó sórí àga Bàbá. Kò pẹ́ tí bẹ́ǹṣì fi kún. Àwọn tó gẹ irun lọ́sẹ̀ tó kọjá tún padà wá, wọ́n ní ó ti ń hù. Apárí kan wá, orí rẹ̀ ń dán gbinrin, ó bọ́ sórí àga, ó sọ pé òun náà lórí. Bàbá fi aṣọ tútù nu orí náà títí ó fi dà bíi dígí, ó sì sọ ìtàn ìyá ìyá rẹ̀ fún un láìfo ibì kan. Ìyá Oníbúrẹ́dì pàápàá gbà kí wọ́n bá òun tọ́ irun ọrùn òun, ó ní kì í ṣe nítorí ìtàn o, ooru ààrò ló ń mú òun. Bí ẹnikẹ́ni bá ń gbọ́ tirẹ̀, àwọn yòókù a máa já lù ú. "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀!" "Èmi wà níbẹ̀!" "O wà níbẹ̀ kẹ̀, ẹ̀yìn ìyá ẹ lo wà!"

Tíntín kó gbogbo rẹ̀ lọ fún Màdáámù. Màdáámù ki nǹkan bọ etí, ó di ojú, ó fetí sílẹ̀ títí, ó wá yọ ọ́.

"Ìtàn dùn," ló wí, "àmọ́ ó dà bí ẹni pé oyin ló ń sọ ọ́. Ariwo kílípà yẹn ti bo Bàbá mọ́lẹ̀. Ṣé wọn ò lè lo àlùmọ́gàjí ni?"

"Wọ́n lè lò ó, mà."

"Kí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì náà sì panu mọ́. Mo ka ohùn mẹ́rin. Ohùn ẹnì kan ni mo ní."

"Mà, bí ẹ bá rí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pa wọ́n lẹ́nu mọ́, ẹ bá mi gbé e wá."

Màdáámù rẹ́rìn-ín, ó dá ẹ̀rọ náà padà fún un, ó ní kó ṣáà gbìyànjú.

Àlùmọ́gàjí dáa lóòótọ́. Ó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ó ń fún ọ̀rọ̀ láyè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ariwo kílípà kúrò nílẹ̀ ni gbogbo wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ohùn Bàbá ti há. Ọ̀rọ̀ kan á jáde, èkejì á há lọ́nà. Bàbá á mu omi, á tún bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Oníbúrẹ́dì kò lè mú un mọ́ra. Ó fa Tíntín lọ́wọ́ jáde sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù.

"Ìwọ ọmọ yìí, dókítà ò ha ní kó sinmi ohùn?"

"Wọ́n ní kí wọ́n dín in kù, mà."

"Ìwọ wá ń kó orí wá fún un bí ẹni ń ki búrẹ́dì bọ ààrò! Bí o bá lo ohùn yẹn tán kó tó dé ọsibítù, kí ni dókítà fẹ́ gbà là níbẹ̀? Ẹ̀rọ tó wà lápò ẹ yẹn, ṣé òun lo fẹ́ máa kí láàárọ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Tíntín lákínyẹmí ara. Kò lérò pé òun ń ṣe ibi. Ó rò pé òun ń kó nǹkan pamọ́ ni, kò mọ̀ pé òun náà ló ń bù ú jẹ. Ó padà wọlé, ó tú àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ká, ó ní kí wọ́n máa lọ, àga ti sinmi fún ọ̀sẹ̀ yìí. Apárí tó fẹ́ wá gbọ́ apá kejì ń kùn lọ.

"Ta ló ń lé oníbàárà mi?" ni Bàbá bèèrè pẹ̀lú ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ dákẹ́ kẹ́ ẹ sinmi."

"Màá dákẹ́ lọ́dọ̀ dókítà."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá."

Bàbá wò ó. Kò bá a jà. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó nù ún, ó nù ún, ó tún un nù, ó sì jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bẹ́ẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn kò dùn ún gbọ́ rárá. Tíntín gbọ́ ọ, ó mọ̀ pé bí ilé àwọn yóò ṣe máa rí nìyẹn.

Bàbá kò sọ̀rọ̀ ní gbogbo àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Bó bá fẹ́ iyọ̀, a nàka. Nígbà tó di ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n ní kó wá sí ọsibítù, Tíntín jókòó síwájú dígí yàrá rẹ̀ láàárọ̀, ó ń tú irun rẹ̀. Ó tú ìdì kan, ó tú èkejì. Ó rò ó pé ìmọ̀tara-ẹni-nìkan ni bí òun bá tún mú kí Bàbá lo ohùn. Ó tún rò ó pé bí òun kò bá lọ ńkọ́? Nígbà tó fi tú u tán, irun náà dúró yí orí rẹ̀ ká bí òjò tó ń ṣú. Ó lẹ́wà gan-an lọ́jọ́ yẹn, bí nǹkan ṣe máa ń rí nígbà téèyàn bá ti fẹ́ bá a dágbére. Ó dìde, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá ń palẹ̀ mọ́. Ìyá Oníbúrẹ́dì àti Wẹ́dà wà lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n wá kí i pé kó lọ ire kó bọ̀ ire. Tíntín kí gbogbo wọn, ó bọ́ sórí àga.

 Wẹ́dà ló kọ́kọ́ rí ohùn. "Ẹ gbà mí! Irun yìí ńkọ́?"

"Irun á tún hù," ni Tíntín wí. Ó yí ojú sí Ìyá Oníbúrẹ́dì. "Mà, mo mọ ohun tẹ́ ẹ sọ. Bẹ́ ẹ bá ní kí n dìde, màá dìde."

Ìyá Oníbúrẹ́dì la ẹnu, ṣùgbọ́n Bàbá ti na ọwọ́ sí i pé kó dúró. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yìí, ó sọ̀rọ̀. Ohùn náà há, ó sì balẹ̀.

"Ohùn mi ni. Mo mọ ibi tí mo fẹ́ ná an sí."

Ó gbọn aṣọ funfun, ó ta á yí Tíntín lọ́rùn. Tíntín gbé ẹ̀rọ náà sórí itan. Ọwọ́ Bàbá wọ inú irun náà láti ìpàkọ́, ó ń wá orí lábẹ́ rẹ̀, ó rí i. Ọwọ́ náà dúró díẹ̀.

"Háà," ni Bàbá wí. "Ibí yìí gan-an ni. Ihò kékeré yìí. Ìyá ẹ ní in."

Àlùmọ́gàjí bẹ̀rẹ̀.

"Ọ̀dà ló ń kùn, ìyá ẹ. Gbogbo àwọn akunlé tó wà lórí àtẹ̀gùn nígbà náà, ọkùnrin ni wọ́n, òun nìkan lobìnrin. Ó máa ń fi ọ̀dà lára wálé bí ẹyẹ òkín. Ẹnì kan náà ló kọ́ gbogbo ilé òpópónà yìí, nítorí náà ilẹ̀kùn kan náà ni gbogbo wa ní, igi kan náà, kọ́kọ́rọ́ kan náà, díẹ̀ ló kù kó ṣí ara wọn. Ìwọ wá mọ̀ ọ́n rìn. O ò jókòó sójú kan mọ́! Ilé tóo bá rí, o wọ̀ ọ́. A ó máa wá ẹ ní ilé mẹ́ta, o ti wà ní ìkẹrin, o ń bá wọn jẹun."

"Lọ́dọ̀ mi ni," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wí. "Inú búrẹ́dì nìkan ló ń jẹ, á gbé èèpo fún mi."

"Àwọn èèyàn ní kí ìyá ẹ nà ẹ́. Ó ní rárá. Ó ní ọmọ òun ò ya pòókíì, ilẹ̀kùn ló jọra wọn jù. Ó bu ọ̀dà tó ṣẹ́kù níbi iṣẹ́ bọ̀, ó kun ilẹ̀kùn mi ní pupa. Pupa fòò! Ó gbé ẹ síwájú ẹ̀, ó ní, 'Ilé wa rèé.' Láti ọjọ́ náà, o ò ṣìlé mọ́."

Irun ń bọ́ sílẹ̀ ní wúùwúù. Tíntín kò wo ilẹ̀.

"Bàbá Wẹ́dà ló kọ́kọ́ jowú. Ó ní ṣé onígbàjámọ̀ nìkan lẹni tí ilẹ̀kùn ẹ̀ ń pọ́n ni? Ìyá ẹ bá a kun géètì ẹ̀ ní àwọ̀ ewé."

"Yẹ́lò ni, Bàbá," ni Wẹ́dà wí.

"Àwọ̀ ewé."

"Bàbá, èmi ni mò ń jókòó lé e lójoojúmọ́! Ó kùn mí ní ṣòkòtò!"

"Ṣòkòtò ẹ ló jẹ́ yẹ́lò. Bó ṣe wá di pé gbogbo wọn ń tò nìyẹn. Bí ọjọ́ ìsinmi bá ti dé, ìyá ẹ á kun ilẹ̀kùn kan. Òpópónà wá dà bíi páálí súìtì. Ìwọ tún wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé kiri!" Ẹ̀rín ń dí Bàbá lọ́fun. "Ìyá ẹ ní kí ló tún dé? O ní... o fẹ́ mọ̀ bóyá àwọ̀ tó wà níta náà ló wà nínú."

Wẹ́dà fọwọ́ lu itan. Tíntín ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ aṣọ, ó ń gbọ̀n, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì lè yọ ọwọ́ nù ún.

"Gbogbo ilẹ̀kùn ló kùn," ni Bàbá wí, "àfi..."

Ohùn náà há. Ó wúkọ́, ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ètè rẹ̀ ń lọ, atẹ́gùn nìkan ló ń jáde. Wẹ́dà gbé omi fún un. Bàbá mu ún, ó la ẹnu, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àlùmọ́gàjí dúró. Tíntín di apá àga mú.

Ìyá Oníbúrẹ́dì dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

"Àfi tèmi," ló wí. "Tèmi ló kù. Ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ pẹ̀lú búlúù lọ́jọ́ kan, ó kùn ún dé ìdajì, ó ní òòyì ń kọ́ òun. Ó ní, 'Mà, màá wá parí ìyókù lọ́la.' Mo ní kó lọ sinmi. Kò padà dìde nínú àìsàn yẹn." Ó tún etí aṣọ funfun náà ṣe ní èjìká Tíntín. "Àwọn èèyàn gbé búrọ́ọ̀ṣì wá pé àwọn á bá mi parí ẹ̀. Mo lé wọn. Ó ní òun ń bọ̀ wá parí ẹ̀, kò rán ẹnikẹ́ni. Ìdí tí ilẹ̀kùn mi fi wà bó ṣe wà nìyẹn."

Wẹ́dà fi ọwọ́ lé orí. "Háà, Mà. Èmi ti ń sọ kiri pé ahun ni yín, ẹ ò fẹ́ ra ọ̀dà."

"Mo mọ̀. Etí mi ò di."

"Ẹ má bínú."

"Ìgbà tí mo bá bínú ni wàá mọ̀. Apá ìsàlẹ̀ ló kùn."

Kọ̀ọ̀! Bàbá fi òòyà lu ẹ̀yìn àga. Ó mi orí, ó nàka sókè.

"Ìsàlẹ̀ ni mo wí, Onígbàjámọ̀. Ilẹ̀kùn ta ni?"

Kọ̀ọ̀! Kọ̀ọ̀!

"Mà, ẹ gbà fún Bàbá lórí èyí," ni Wẹ́dà wí. "Ilẹ̀kùn yín ti pàwọ̀ dà, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí búlúù wà mọ́. Ta ló ń kun nǹkan láti ìsàlẹ̀? Òkè la ti ń bẹ̀rẹ̀, kó má baà kán sílẹ̀."

"Ẹni tí ọmọ ẹ̀ jókòó lé ẹsẹ̀ ẹ̀, tó dì mọ́ ọn lójúgun, tí kò jẹ́ kó dìde nàró!" ni Ìyá Oníbúrẹ́dì dá a lóhùn. "Bó ṣe ń kùn ún nìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń kọrin fún ọmọ náà. Bí ọmọ bá sì ti dìde, ìyá ẹ̀ á ní, 'Jókòó, ẹsẹ̀ mi ń tutù.' Inú ilé ni mo wà. Mo ń gbọ́ wọn."



Bàbá kò lu àga mọ́. Tíntín ń wò ó nínú dígí. Ọkùnrin tó mọ ìtàn gbogbo orí tó wà ní òpópónà dúró pẹ̀lú òòyà lọ́wọ́, ó ń wo Ìyá Oníbúrẹ́dì bí oníbàárà ṣe máa ń wo òun fúnra rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ó ń retí ìyókù. Kò gbọ́ eléyìí rí. Ó fi ìka ṣe àmì sí Ìyá Oníbúrẹ́dì pé kó máa bá a lọ, kó máa bá a lọ.

"Orin wo ló ń kọ, Mà?" ni Tíntín bèèrè.

"Orin kẹ̀? Kò mọ orin kankan kọ, ohùn ẹ̀ burú jáì. Orúkọ àwọn ọ̀dà ló ń fi kọrin."

Wẹ́dà bú sẹ́rìn-ín. Èjìká Bàbá ń mì láìsí ohùn. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, Ìyá Oníbúrẹ́dì sì ń sọ ọ́ lọ, Wẹ́dà ń já lù ú, òòyà ń dún kọ̀ọ̀ lára àga bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá ti ṣì í sọ. Iná pupa kékeré náà ń ṣẹ́jú lórí itan Tíntín. Màdáámù yóò ní ohùn ti pọ̀ jù. Kó pọ̀.

Nígbà tó ṣe, Bàbá fi búrọ́ọ̀ṣì gbá irun kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó gbé dígí kékeré sẹ́yìn orí rẹ̀, bó ṣe ń gbé e fún gbogbo oníbàárà, kí Tíntín lè rí ìpàkọ́ rẹ̀. Orí náà kéré, ó rí rogodo, ihò kékeré kan sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí Tíntín kò rí rí láyé rẹ̀. Ètè Bàbá lọ láìdún: Ṣé ó ti tó?

Tíntín wo orí náà lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì.

"Rárá, Bàbá," ló wí. "Ó ṣì kù díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí."

Kò sí irun kankan tó kù níbẹ̀. Bàbá tẹjú mọ́ ọn dáadáa, ó mi orí pé òótọ́ ni, ó mú àlùmọ́gàjí, ó sì ń gé atẹ́gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́, nígbà tí Ìyá Oníbúrẹ́dì tún jókòó dáadáa, tó ní, "Ó dáa, níbo ni mo bá a dé?"